Láti Igi dé Pákó: Orúkọ Yorùbá àti Òfin Ìdáàbòbò Ẹ̀dá nínú Òwò Òkèèrè

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ Lọ́kọ́ja ni pé èdè Haúsá ni ó ti wá. Loko ni àwọn Haúsá ń pe igi ìrókò, ja sì ni ohun tí ó bá pupa. Bí ìtàn yìí bá jẹ́ òótọ́, ìrókò pupa ni ìtumọ̀ orúkọ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìtàn mìíràn kò ṣàìsí, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ó yẹ fún àkíyèsí pé ìlú tí a lè sọ pé igi ni ó fún un lórúkọ ti di ìlú tí igi ń gba inú rẹ̀ kọjá láìní orúkọ.

Lọ́kọ́ja jẹ́ ìpàdé odò, ó sì jẹ́ ìpàdé èdè. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bénúé ti di ọ̀kan. Níbẹ̀ náà ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ àti àwọn Yorùbá Ọ̀kun yòókù, àwọn Núpé, àwọn Ígálà, àwọn Ẹ̀bìrà, àwọn Bàsá àti àwọn Haúsá ti ń ná ọjà kan náà. Nígbà tí àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ dé ìpàdé odò yìí ní 1841, Samuel Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn. Ní 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde. Èdè àti òwò ti jọ rìn ní etí odò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Eyín erin wà lára ohun tí ó ń fa ojú àwọn oníṣòwò òyìnbó sí Odò Ọya àti Bénúé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lóde òní, ọ̀nà títì ni ó gba iṣẹ́ odò. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń ti Àbújá àti òkè ọya bọ̀, tí ó ń lọ sí èbúté Èkó, Lọ́kọ́ja ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Gẹdú àti pákó sì wà lára ẹrù wọn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ ni òfin tí ó ń dáàbò bo ẹ̀dá nínú òwò òkèèrè fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò bá sí orúkọ rẹ̀ nínú òfin náà, òfin kò mọ̀ ọ́n. Nínú èdè Yorùbá, orúkọ ẹranko máa ń bá ẹ̀yà ara rẹ̀ dé ọjà. Orúkọ igi kì í sábàá kọjá ibi ìlagi. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ gírámà lásán, ṣùgbọ́n igbó tí ń tán lọ wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n pàápàá wà nínú rẹ̀.

Àdéhùn náà àti bí ó ṣe di òfin ní Nàìjíríà

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Washington lórí òwò òkèèrè tí a ń fi ẹranko àti igi tí ìparun ń lé ṣe. CITES ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àdéhùn Washington ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò lò. Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù kìíní 1974. Nàìjíríà ni ó ṣe ìkejì, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún kan náà, kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ó máa ń sọ pé òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lé wa lórí rántí ọjọ́ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1975 ni Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àfikún mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn ìwé Àdéhùn náà, inú wọn ni orúkọ àwọn ẹ̀dá wà. Ẹ̀dá tí ó bá wà ní Àfikún Kìíní, òfin kò gbà kí a tà á lọ sí òkè òkun fún èrè. Èyí tí ó bá wà ní Àfikún Kejì ṣe é tà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó ti ń jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé títà rẹ̀ kò ní pa irú rẹ̀ run nínú igbó, kí ó sì fún un ní ìwé àṣẹ. Àfikún Kẹta wà fún ẹ̀dá tí orílẹ̀-èdè kan ń dáàbò bò nílé tí ó sì ń bẹ àwọn yòókù fún ìrànlọ́wọ́. Èdè márùn-ún ni a fi kọ Àdéhùn náà, òfin sì ka gbogbo wọn sí ọgbọọgba: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípáníìṣì, Rọ́ṣíà àti ti àwọn ará Ṣáínà. Kò sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà kankan níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀dá gan-an, Látìn ni, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ èyí tí a ń wí.

Ní Nàìjíríà, àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kì í di òfin títí tí àwọn aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin. Bẹ́ẹ̀ ni abala 12 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà náà ti rí tẹ́lẹ̀. Ó gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ìjọba ológun ni ó gbé Òfin nọ́ńbà 11 jáde ní 1985 lórí òwò òkèèrè nínú ẹ̀dá tí ìparun ń lé. Àtẹ méjì ni ó wà lẹ́yìn òfin yìí. Bí a bá wo àkọlé àwọn àtẹ náà dáradára, a óò rí i pé ẹranko nìkan ni méjèèjì dárúkọ: àkọ́kọ́ fún ẹranko tí a kò gbọdọ̀ tà rárá, ìkejì fún ẹranko tí a lè fi ìwé àṣẹ tà. Igi kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó kọ òfin náà sọ ẹ̀dá ní àkọlé, wọ́n sì ka ẹranko ní àtẹ. Ìlànà tí àjọ NESREA gbé jáde ní 2011 ni ó wá mú igi wọlé.

Owó ìtanràn inú òfin 1985 kò ju ẹgbẹ̀rún náírà kan lọ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rú apá tí ó le jù nínú rẹ̀. Ní 1985 owó ni. Nígbà tí yóò fi di 2016, kò tó owó epo tí ọkọ̀ akẹ́rù ń jó láti Lọ́kọ́ja dé Okene. Ọdún náà ni àwọn aṣòfin tún un ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Kí ó tó di ìgbà náà, ìtìjú ti bá orílẹ̀-èdè yìí: láti oṣù keje 2005 títí di 2011 ni Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Àdéhùn náà fi ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù má ṣe bá Nàìjíríà ra ohunkóhun tí ó wà nínú Àfikún fún èrè. Ẹni tí ó ṣe ìkejì láti wọlé ni wọ́n ní kí ó dúró sí ìta.

Ẹ̀yà tí ó ń gbé orúkọ lọ

Abala kìíní Àdéhùn Washington sọ pé bí òfin ṣe mú ẹranko náà ló mú ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a bá lè tètè dá mọ̀. Gbólóhùn yìí gba àlàyé gígùn nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Eyín erin, awọ ẹkùn, awọ ọ̀nì, ìpẹ́ akíka: àpólà-orúkọ ni gbogbo wọn, tí ẹ̀yà ara jẹ́ orí wọn, tí orúkọ ẹranko sì jẹ́ ẹ̀yán. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ bí eyín, awọ, ìpẹ́ àti ìwo kò lè dá dúró kí ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ra awọ, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé awọ kí ni. Gírámà fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè ẹni tí ó ni ín.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún eyín erin tí kò dárúkọ erin rárá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà ra ẹ̀gbà ọrùn lè gbàgbé pé ẹranko kan kú. Yorùbá kò fún olùrà ní ààyè ìgbàgbé yẹn. Òwe pàápàá kìlọ̀: Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká wí pé a rí erin. Ní oṣù kẹwàá 1989, ní Lausanne, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àdéhùn gbé erin ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Àfikún Kìíní, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1990.

Ìkóódẹ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkó àti odídẹ ni a so pọ̀, tí àrànmọ́ àti ìpajẹ fi sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ kan. Ẹyẹ náà kò tíì sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé lónìí lè máà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyẹ́ pupa ìdí odídẹ ni, èyí tí a ń rí lórí ìyàwó òrìṣà àti lára adé ọba. Odídẹrẹ́ wọ Àfikún Kìíní ní ìpàdé Johannesburg ní 2016, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀yà akíka, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2017. Fún àwọn Yorùbá tí ó ń bọ òrìṣà ní òkè òkun, ìkóódẹ kan ṣoṣo nínú àpò ìrìn-àjò ti di ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè.

Kì í ṣe pé gbogbo orúkọ ẹ̀yà ni ó ń tú àṣírí ẹranko. Ìrọ́kẹ́ tí babaláwo fi ń lu ọpọ́n, eyín erin ni a fi gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí erin nínú orúkọ rẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ tilẹ̀ burú jù. Abẹ́ orúkọ yìí ni ọ̀yà tí òfin òkèèrè kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ àti akíka tí ó wà ní Àfikún Kìíní ti jọ ń sùn nínú ìkòkò kan náà lẹ́bàá ọ̀nà. Síbẹ̀, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹranko a máa gbé orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í pamọ́ ní láti purọ́ gbangba.

Irọ́ náà kò sì wọ́n. Ní oṣù kẹrin 2019, àwọn aṣọ́bodè Singapore ṣí kọ̀ńténà kan tí ó ti Nàìjíríà wá, tí ó ń lọ sí Vietnam. Ẹran màlúù dídì ni ìwé ẹrù rẹ̀ sọ; wọ́n bá ìpẹ́ akíka nínú rẹ̀, tọ́ọ̀nù 12.9. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n tún rí kọ̀ńténà kejì láti Nàìjíríà, tọ́ọ̀nù 12.7, hóró igi ni wọ́n pe ìyẹn. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n gba eyín erin tí ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 8.8 nínú ẹrù tí ó ti Kóńgò wá. Pákó ni wọ́n kọ sí ìwé ẹrù náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe: nínú gbogbo orúkọ tí ó wà ní èbúté, kò sí èyí tí kò sọ nǹkan kan bí pákó.

Igi tí ó di pákó

Igi apá wà nínú igbó, gbogbo ará oko mọ̀ ọ́n. Bí agégẹdú bá ti gé e lulẹ̀, ó di gẹdú. Bí ó bá kọjá lábẹ́ ayùn ní ibi ìlagi, ó di pákó. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó lè dá dúró ni gẹdú àti pákó. Ẹni tí ó bá ní òun ra pákó ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí gírámà ń tì láti béèrè pé pákó ta ni. Bí ìbéèrè bá tilẹ̀ wáyé, ìwọ̀n ni wọn yóò béèrè: túù-báì-fọ́ọ̀ ni, àbí túù-báì-síìsì? Òótọ́ ni pé káfíńtà tí ó mọṣẹ́ ń béèrè ìrókò tàbí arère, ó sì lè fi òórùn àti ìwúwo dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yán tí a lè fi sílẹ̀ ni orúkọ igi nínú gbólóhùn rẹ̀. Ohun tí a bá lè fi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀ nínú ìwé ẹrù.

Ìwé Àdéhùn fúnra rẹ̀ kò fi ojú kan náà wo ẹranko àti igi. Ní ti ẹranko tí ó wà ní Àfikún Kejì, gbogbo ẹ̀yà tí a bá lè dá mọ̀ ni òfin mú. Ní ti igi, ẹ̀yà tí a bá kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ ni. Ìpàdé tí ó wáyé ní Panama ní oṣù kọkànlá 2022 ni ó mú apá àti ọ̀gànwó tí ó hù nílẹ̀ Áfíríkà wọ Àfikún Kejì. Ohun tí wọ́n kọ mọ́ wọn ni gẹdú, pákó lílà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bó láti ara igi, pákó alẹ̀mọ́ra àti pákó tí a ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ etí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti kàn tán kò sí nínú rẹ̀. Ìlù tí a gbẹ́ láti ara apá kò sí nínú rẹ̀.

Èèpo igi kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Bí orúkọ igi bá ń kú ní ibi ìlagi, kì í kú lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ. Èèpo ọ̀gànwó ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta èèpo lásán. Egbò, ewé àti èso náà bẹ́ẹ̀. Aláìsàn kò ní mu àgbo tí a kò dárúkọ igi rẹ̀ fún un. Ìwé Ewé tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1995 fi bí ìmọ̀ yìí ṣe pọ̀ tó hàn. Nítorí náà, ẹ̀yà igi tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù ni òfin kò mú, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù sì ni òfin mú. Aṣọ́bodè tí a kọ́ ní gbogbo Àfikún ní Àbújá yóò dé iwájú òkìtì pákó, kò sì ní rí orúkọ kankan tí ó lè bi í léèrè.

Kosso

Ọ̀rọ̀ igi kan wà tí ó fi gbogbo èyí hàn kedere. Ìbátan igi osùn ni, nítorí Pterocarpus ni orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì ní Látìn. Pterocarpus erinaceus ni òun. Bí a bá fi àdá ṣá a, oje pupa bí ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lára rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ti ń hù, láti Senegal dé Nàìjíríà. Madobiya ni àwọn Haúsá ń pè é. Àwọn olówò ń pè é ní kosso. Rosewood ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn tí ó ń rà á. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí kò bá igi náà tan. Òórùn òdòdó igi mìíràn ni a fi ń pè é. Ní Ṣáínà, ó wà lára àwọn igi pupa tí wọ́n fi ń kan àga àti àpótí bí ti àwọn ọba àtijọ́. Nígbà tí irú igi bẹ́ẹ̀ di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Éṣíà ni àwọn olùrà kọjú sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ọdún díẹ̀ ni ó gbà kí Nàìjíríà tó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń tà á jù ní ayé. Wọ́n gé e ní Tàràbá, wọ́n gé e ní Kogí àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Títa gẹdú àti pákó lílà sí òkè òkun wà nínú ohun tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìdènà náà kò dá ọjà náà dúró. Bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin igi kan, ó lè gba orúkọ ohun tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí, kí ó sì kúrò lórúkọ gẹdú. Orúkọ tuntun ni ó ń ra ọ̀nà.

Senegal kọ́kọ́ kọ orúkọ igi yìí sí Àfikún Kẹta ní oṣù karùn-ún 2016. Ìpàdé Johannesburg gbé e lọ sí Àfikún Kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, wọn kò sì kọ ẹ̀yà kankan mọ́ ọn. Èyí ni pé gbogbo ara rẹ̀ ni òfin mú nígbà náà, àga tí a ti kàn tán pẹ̀lú. Wọ́n ti kọ́gbọ́n pé ẹni tí ó bá dárúkọ pákó, ọlọ́jà yóò mú nǹkan mìíràn wá. Síbẹ̀, ìwé kò ṣẹ́gun. Gẹ́gẹ́ bí ìjábọ̀ àjọ EIA ní oṣù kọkànlá 2017, ó lé ní mílíọ̀nù 1.4 gẹdú kosso láti Nàìjíríà tí wọ́n ti há mọ́ èbúté Ṣáínà, tí ìwé àṣẹ tí ó lé ní 4,000 sì tú sílẹ̀. Lẹ́yìn tí igi ti dé èbúté ni ìwé náà tó dé. Iye owó tí àjọ náà fojú bù jẹ́ mílíọ̀nù 300 dọ́là. Àríyànjiyàn ńlá ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé yìí dá sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2018, ní Sochi ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Ìgbìmọ̀ Alábòójútó ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dá ríra kosso lọ́wọ́ Nàìjíríà dúró.

Kò ṣòro láti fi ojú inú wo ohun tí ìpinnu Sochi túmọ̀ sí fún ẹni tí ń gé igi lẹ́bàá Kàbbà tàbí ní ilẹ̀ Bùnú. Kò sí nínú ọjà tí ó ń ná ohun tí ń jẹ́ Pterocarpus erinaceus. Òǹrajà wá, ó fi igi hàn án, ó ní irú èyí ni òun ń fẹ́, ó sì san owó. Òǹrajà náà mọ orúkọ igi náà ní èdè mẹ́rin. Agégẹdú mọ̀ ọ́n ní ọ̀kan, èyí tí òfin kò sì mọ̀ ni tirẹ̀.

Níwájú adájọ́

Abala 36 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tí ó yé e, pẹ̀lú àlàyé kíkún, àti láti ní ògbufọ̀ láìsan owó. Ní kóòtù kan ní Lọ́kọ́ja, ó ṣeé ṣe kí ògbufọ̀ ní láti mọ Yorùbá Ọ̀kun lónìí, kí ó mọ Ígálà lọ́la. Ẹ̀sùn náà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Orúkọ igi inú rẹ̀, Látìn ni. Kí ni ògbufọ̀ yóò pè é?

Ohun mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àléébù. Ó lè pe Látìn náà bí ó ti rí, ẹ̀sùn yóò pé, kò sì ní yé olùjẹ́jọ́. Ó lè sọ pé gẹdú ni tàbí pákó ni. Yóò yé e, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ pé gẹdú lásán jẹ́ ẹ̀dá tí ìparun ń lé, agbẹjọ́rò tí ó bá mọṣẹ́ yóò sì dìde. Ó lè pe igi náà ní osùn, nítorí ìbátan ni wọ́n. Títí di 2022 àṣìṣe gbáà ni èyí ì bá jẹ́, nítorí osùn tiwa gan-an kò sí nínú Àfikún nígbà náà. Ìpàdé Panama ni ó mú gbogbo ẹ̀yà Pterocarpus ti ilẹ̀ Áfíríkà wọlé, osùn pẹ̀lú. Ògbufọ̀ tí ó ṣi orúkọ pè ní 2021 lè ti ran aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Iṣẹ́ tí ó lè ràn án lọ́wọ́ ti wà ní ìdajì méjì tí kò tíì pàdé. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe ìwé èdè-ìperí. Ní 1991 ni àjọ NERDC tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Ọ̀rọ̀ bí àbádòfin àti ìbò ni a ṣe é fún, a kò ṣe é fún igi. Àwọn onímọ̀ ewé ní tiwọn ti kó orúkọ igi jọ pẹ̀lú Látìn rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ẹjọ́. Wọ́n kọ èèpo, wọ́n kọ gbòǹgbò. Gẹdú àti pákó kò sí nínú ìwé wọn. Àtẹ kan tí yóò so Látìn inú Àfikún mọ́ orúkọ tí àwọn Ọ̀kun, Haúsá, Núpé, Ígálà àti Ẹ̀bìrà ń lò ní àyíká Lọ́kọ́ja, tí yóò sì sọ bí igi náà ti ń rí nígbà tí ó bá di gẹdú àti nígbà tí ó bá di pákó, kì í ṣe iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò lè dá ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó bá fi oṣù mẹ́ta jókòó ní ibi ìlagi, pẹ̀lú ẹnì kan tí ó mọ igi, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2025 ni ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gba àbádòfin tuntun wọlé lórí ẹ̀dá tí ìparun ń lé, ìjìyà inú rẹ̀ sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ìjìyà bá ṣe ń le sí i ni ìtumọ̀ ẹ̀sùn ṣe ń gba ìṣọ́ra sí i.

Ní báyìí ná, ohun tí ògbufọ̀ lè sọ kò ju báyìí lọ: “Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn yín pé ẹ kó gẹdú tí a gé lára igi kosso, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní madobiya, tí òfin sì ń pè ní Pterocarpus erinaceus, láti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgba ìwé àṣẹ.” Bí olùjẹ́jọ́ bá jẹ́ ará Bùnú tí kò gbọ́ Haúsá, tí kò sì bá olówò pákó ti Èkó ṣe pọ̀ rí, ó lè dáhùn pé òun kò mọ igi tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó máa sọ òótọ́. Wọn yóò ní láti gbé igi náà wọ inú kóòtù, kí wọ́n ṣá a ní àdá, kí ó lè rí oje pupa náà, kí ó tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn.